Ọmú Tí Wọ́n Ní Ó Korò

Hayin Dogo,
Samaru, Zaria.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ gbà mí tọ́ lẹ́yìn tí ìyá wa lọ,

Kí n tó kí yín rárá, mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí ó wà nínú ìwé yìí. Mo mọ̀ pé ojú yín kò ríran kàwé mọ́, ẹnìkan ni yóò kà á fún yín. Kí ó jẹ́ Olú, ọmọ yín, òun nìkan. Kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Kí ó má kà á sókè bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí fèrèsé yín kọjú sí ìsọ̀ oníyọ̀, mo sì mọ irú etí tí ó máa ń jókòó síbẹ̀. Gọ́ọ̀mù iṣẹ́ mi ni mo fi lẹ àpò ìwé náà, n kò fi itọ́ lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹnu rẹ̀ ti ya, a jẹ́ pé wọ́n ti kà á lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí ti rìn jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ, kí èmi tí mo ni ín tó sọ gbólóhùn kan.

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà àìrí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Zaria. Mo kí àwọn baba wa nínú agboolé, mo kí àwọn ìyàwó ilé lágbà léwe, mo kí Olú àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣẹ́gun ọmọ mi ń kí yín láti Funtua níbi tí ó ti ń ṣe tíṣà. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń wálé. Fúnmi ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. Yétúndé ọmọ wọn kò tíì mọ ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó ń tiraka láti gbé orí sókè wò mí, mo sì ti bá yín gbà á bí ìkíni.

Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ètè tí ó là àti eruku nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ooru ni ó wá gba ipò rẹ̀, páànù orí ilé ń ké lọ́sàn-án bí ẹni tí wọ́n ń nà. Iṣẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń di ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsọ̀ mi: wọn á gbé ìwé tí wọ́n fẹ́ fi jáde ní yunifásítì wá ní ewé-ewé, èmi á lu ihò sí i, n ó rán an, n ó fi páálí àti gọ́ọ̀mù bò ó, yóò di ìwé gidi. Ẹ̀yin mọ̀ pé n kò jókòó sí kíláàsì rí. Inú ìwé oníbàárà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, ní àkókò tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ. Nítorí náà, mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan, n kò sì mọ ìparí wọn, torí pé oníwèé máa ń dé kí n tó kà á tán. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ má bínú pé kò sí nǹkan kan nínú àpò ìwé yìí. Ẹja gbígbẹ ni ó ń gbé owó wa lọ, ẹ óò sì gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Láti ìgbà tí ìyá Ṣẹ́gun ti fi mí sílẹ̀, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ti ilé wá ti padà sílé. Àwọn tí ó kù, ohun tí o bá sọ fún wọn láàárọ̀, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu aláta lọ́sàn-án. Ìdí nìyí tí mo fi dákẹ́ títí di òní. Ẹ̀rù ẹnu ayé ń bà mí ju ẹ̀rù ejò lọ, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ rán Ìyá Ṣadé tó mi lọ́wọ́. Ó ní gbogbo ilé ti jókòó. Ó ní ẹ pàṣẹ pé kí Fúnmi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú kíákíá. Pé bí Olú bá wá lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, kí n gbé Yétúndé lé e lọ́wọ́ kí ó gbé e wá fún yín tọ́. Pé kí Fúnmi sì lọ jókòó sí ilé baba rẹ̀ ní Tukur-Tukur títí ẹ óò fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ kò rán mi níṣẹ́ rí kí n kọ̀. Ẹ ní kí n má ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, n kò ṣe é. Ẹ ní ìyá Ṣẹ́gun ni kí n fẹ́, mo fẹ́ ẹ, kò sì dùn mí lọ́jọ́ kan. Eléyìí, mo kọ̀ ọ́. Mo fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, mo sì dọ̀bálẹ̀ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí, kí ẹ má baà rò pé orí kunkun àgbà ni.

Ọmọ náà ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìgbẹ̀bí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. N kò sọ nípa ẹkún ebi tàbí ẹkún ìdí tútù o. Bí ó bá ti mu ọmú tán, yóò ká ẹsẹ̀ méjèèjì sí ikùn, yóò le gbagidi, yóò sì figbe ta. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó sì le kárakára bí awọ tí oòrùn pa. Ó ń pọ̀ ọ́ jáde. A rí ikun nínú ìgbẹ́ rẹ̀, a sì rí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bí òwú nínú ikun náà. Fúnmi gbé e títí apá rẹ̀ fi kú. Èmi náà gbé e yí àgbàlá ká, mo ń kọrin tí ẹ fi máa ń rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ̀ pé orin olókìkí ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa wá kan ilẹ̀kùn, ó ní Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá òun bẹ ọmọ yìí, òun ní ìdánwò. Mo ní kí ó wọlé wá bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, bóyá òyìnbó ni ó gbọ́.

Kálukú ní ìmọ̀ràn. Ẹnìkan ní inú rírun ni, a ra oògùn inú ìgò. Ẹlòmíràn ní orí ọmọ náà kò tíì le. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu gbogbo wọn kò lórí ni pé ọmú kò tó ọmọ, pé kí ìyá rẹ̀ máa mu wàrà dáadáa kí omi ọmú lè pọ̀. Ẹ mọ̀ pé ìlú màlúù ni a wà. Obìnrin Fúlàní kan ń gbé igbá nono kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa ní àràárọ̀, wàrà dídi tí ó kan díẹ̀, wọ́n á po fúrá tí a fi ọkà bàbà ṣe mọ́ ọn. Fúnmi ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Baba rẹ̀ fi mílíìkì alágolo ránṣẹ́ láti Tukur-Tukur. Èmi náà ń ra wàrà bọ̀ láti ọjà. Bí ọmọ náà bá ti ké sí i, àwa á tún fi kún un. Àánú ni gbogbo wa ń ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ìyá ìjọ wá kí wa, Ìyá Ṣadé ni ó ṣáájú wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ni ó ń kó gàrí láti ọ̀dọ̀ yín wá tà ní ọjà Samaru, tí ó sì ń kó ọ̀rọ̀ padà dípò àpò òfìfo. Ó wo ọmọ náà, ó mi orí. Ó ní kí wọ́n gbé àwo pẹrẹsẹ kan wá. Àṣà kan wà ní ìhà ibí tí àwọn obìnrin wa ti kọ́ lára àwọn onílẹ̀: wọ́n á fún omi ọmú sínú àwo, wọ́n á sọ èèrà sí i. Bí èèrà bá rìn jáde, ọmú dára. Bí ó bá kú, wọ́n ní ọmú korò, wọ́n á sì gbà á lẹ́nu ọmọ. Ìyá Ṣadé mú èèrà kan lára ògiri wa, ó sọ ọ́ sí i. Èèrà náà ta ẹsẹ̀, ó ta ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Gbogbo wọn káwọ́ lérí. Ìyá Ṣadé ní òun ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni wí, ṣùgbọ́n ọmú kì í ṣàdédé korò, ẹni tí ó ni àyà ni ó mọ ohun tí òun ti ṣe. Fúnmi fa ìró bo àyà rẹ̀. Ìhín ni wọ́n bí i sí, èdè Haúsá yá lẹ́nu rẹ̀ ju tiwa lọ, bí ọkàn rẹ̀ bá kún, òun ni ó máa ń bọ́ sí. Ó kàn ń wí pé na shiga uku, na shiga uku, èyí ni pé òun gbé.

Wọ́n fi ọ̀já di àyà rẹ̀ pinpin kí omi ọmú lè gbẹ. Wọ́n dá owó ra mílíìkì ọmọdé, èyí tí ó wà nínú agolo ńlá. Mo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, n kò sọ nǹkan kan, nítorí obìnrin ni ó ni ọ̀rọ̀ ọmú, mo sì ń ronú ohun tí wọn yóò sọ bí bàbá àgbà bá dá sí i. Ọmọ náà gba ìgò, ó mu díẹ̀. Kí a tó palẹ̀ àwo èèrà mọ́, ètè rẹ̀ ti wú. Ara rẹ̀ wú káàkiri bí ẹni tí oyin ta. Ó bì, ohùn rẹ̀ há, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n há mọ́ inú àpótí. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù alùpùpù àchàbà ń bà mí. Ní ọjọ́ náà, èmi ni mo dá àchàbà dúró, tí mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, Fúnmi àti ọmọ wà láàrin èmi àti ẹlẹ́ṣin irin, mo sì ń pariwo sí i létí pé kí ó sáré sí i.

Wọ́n gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, èémí rẹ̀ bọ̀ sípò. Dókítà tí ó gbà wá jẹ́ ọmọ Yorùbá, obìnrin kékeré tí ohùn rẹ̀ le bí ti tíṣà. Ó béèrè ohun gbogbo tí ọmọ àti ìyá ń jẹ. Nígbà tí Fúnmi ń kà á, nono, fúrá, mílíìkì, wàrà, dókítà náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun fura pé wàrà màlúù ni ara ọmọ yìí kọ̀. Ó ní ohun tí ìyá bá jẹ máa ń gba inú omi ọmú kọjá díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ké. Èyí tí a wá fún un ní tààrà ni ó fẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó ní òun kò tíì lè búra, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ ni kí ìyá rẹ̀ jáwọ́ nínú gbogbo ohun tí ó bá ti inú màlúù jáde bí wàrà, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a sì máa wo ọmọ náà. Kí ó máa mu ọmú lọ. Kí a má fi wàrà ewúrẹ́ dán an wò. Kí Fúnmi máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àti ẹja kéékèèké tí a lè rún tegungun tegungun, kí egungun tirẹ̀ má baà rọ̀. Ẹja tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Mo bi í léèrè nípa èèrà. Ojú tì mí láti bi í, ṣùgbọ́n mo bi í. Ó wo Fúnmi, kò wò mí. Ó ní kò sí ọmú tí ó korò, pé tirẹ̀ dára. Ó wá bi mí bóyá ẹnikẹ́ni wà nínú ẹbí wa tí wàrà ń bá jà. Mo ní rárá o, dókítà, ilé tiwa, ohun tí ó bá ti funfun, a ó mu ún. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, ẹ̀gbọ́n mi, a óò padà bá a.

Fúnmi kò dúró kí a délé. Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni ó ti tú ọ̀já náà. Ó ṣì ní omi. Yétúndé gbá ọmú náà mú bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé tí ó sì rí i gbà. Mo yí ojú sí ògiri, kì í ṣe nítorí ìtìjú nìkan.

Ẹkún náà rọlẹ̀. Kò lọ ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ń rọlẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó sùn, àwa náà sùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni a ṣàkíyèsí pé bí ó ti wù kí ọ̀sẹ̀ dára tó, bí Jímọ̀ bá ti kọjá, inú Sátidé yóò burú. Ẹkún yóò padà, ikun yóò padà. Àwọn ará ìjọ gbọ́. Wọ́n ní ẹ wò ó bí, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ̀mí kan ni ó ń bẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi náà lọ ń ka ìwé. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí àìsàn ọmọdé wà lọ́wọ́ mi, mo ka gbogbo ohun tí ó lè pa ọmọdé tán, oníwèé sì dé gbà á kí n tó kan ibi tí a ti ń wò wọ́n sàn. N kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ níkẹyìn ni ó là mí lójú. Hájíà, ìyàwó onílé wa, a máa fi túwó àti ọbẹ̀ kúkà ránṣẹ́ sí wa ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mo ṣí àwo náà ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo rí òróró tí ó dì lórí ọbẹ̀, ó pọ́n fẹ́ẹ́ bí epo àgbọn tí ó gbó, ó sì ń ta òórùn ilé màlúù. Mo bi Fúnmi pé kí ni èyí. Ó ní man shanu ni, òróró tí wọ́n ń yọ láti inú wàrà màlúù. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti mọ òróró yìí láti kékeré, kò wá sí i lọ́kàn rí pé ó wà lára ohun tí dókítà kà léèwọ̀. Lójú rẹ̀, òróró ni òróró.

Ìṣòro mi wá di Hájíà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò mọ ohun tí ó jẹ́ láti kọ oúnjẹ aládùúgbò ní ìlú yìí. Ìgbà tí ìlú dàrú, yàrá obìnrin yìí ni a sá sí, òun ni ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Bí èmi, Yorùbá, ẹlẹ́sìn Kristi, bá lọ sọ pé ọbẹ̀ rẹ̀ ń ṣe ọmọ mi níbi, báwo ni ìròyìn náà yóò ti rí kí ó tó dé ojú òpópónà? Mo to ọ̀rọ̀ náà sínú bí ẹni to páálí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀, mo kí àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ ooru, mo sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ. Ó ní haba, Baba, ṣé owó ilé ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ni? Mo wá tú u sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní nítorí èyí ni mo ṣe ń làágùn bí olè tí wọ́n ká mọ́? Ó ní òróró ẹ̀pà ni òun yóò máa fi se ti abiyamọ láti òní lọ, àwo tirẹ̀ yóò sì dá wà. Ti èmi, ìlọ́po méjì man shanu ni òun yóò fi sí i, nítorí ọrùn mi ti rí bí ti igún. Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e kọjá, Sátidé mọ́, ọmọ náà sì sùn di ọ̀sán.

Ìyá Ṣadé kò sí nílùú ní gbogbo àkókò yìí. Ọ̀dọ̀ yín ni ó wà, ó ń sọ ìtàn èèrà fún yín. Nígbà tí ó dé, kò wá jẹ́ iṣẹ́ yín fún mi nílé. Abẹ́ igi dóńgóyárò tí ó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti jẹ́ ẹ lẹ́yìn ìsìn, níṣojú gbogbo ìyá ìjọ. Ohùn rẹ̀ lọ sókè nígbà tí ó dé orí pé kí Fúnmi máa lọ sí Tukur-Tukur. Ṣẹ́gun kò lè wálé ní ọ̀sẹ̀ náà. Fúnmi dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí. Kò bẹ̀ mí, ó kàn wò mí ni.

Ohun tí mo fi gbogbo ayé mi sá fún nìyí, kí àwọn ènìyàn yí mi ká kí wọ́n máa wo ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n bá mi bu omi mímu wá láti inú kànga ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n dà á sínú àwo pẹrẹsẹ. Mo mú èèrà kan lára igi náà, mo sọ ọ́ sínú omi. Ó ta ẹsẹ̀, ó ta ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Mo wá bi Ìyá Ṣadé pé omi kànga Olúwa náà korò ni? Mo ní ọ̀já wo ni kí a fi di ẹnu kànga? Ìyá kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì ki ẹnu bọ gèlè. Ìyàwó pásítọ̀ bojú. Ìyá Ṣadé ní ìwé oníwèé tí mo ń jí kà ni ó ń gùn mí. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí kò sí nínú ìwé kankan, èèrà kò mọ odò wẹ̀, ó tán. A sì lọ sílé, èmi, Fúnmi àti ọmọ, a kò yára rìn.

Ọ̀nà ilé yẹn ni mo ti rántí. Mo ń ro ohun tí n ó wí fún yín, pé báwo ni mo ṣe máa kọ̀ fún ẹni tí ó tọ́ mi. Ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, ọkùnrin nìkan ni ọ̀dọ̀ yín àti ọ̀dọ̀ mi ń bí. Pé ìyá wa ni ó padà dé yìí, èmi fúnra mi sì ni mo sọ ọ́ ní Yétúndé. Mo bá ń ro ìyá wa. Mo rí i lójú mi bí ó ti ń din wàrà fún wa lẹ́yìn ilé. Ẹ rántí pé igi gígùn ni ó fi ń rò ó nínú epo, tí ó máa ń dúró sẹ́yìn? Ẹ rántí pé kò fi kan ẹnu rí?

Ẹ rántí ọjọ́ tí ó lọ sí ilé àna rẹ̀, tí wọ́n fi wàrà sínú ọbẹ̀, tí ó sì jẹ ẹyọ kan nítorí ojú àna? Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tí wọ́n mú un dé. Ètè rẹ̀ wú. Ara rẹ̀ wú káàkiri bí ẹni tí oyin ta. Ẹ̀yin ni ẹ ń fi epo pupa pa á lára, ẹ ń sunkún. Baba wa ní èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ ni, pé àwọn baba ńlá rẹ̀ kì í jẹ wàrà, kí ẹnikẹ́ni má tún fi lọ̀ ọ́. A gbà bẹ́ẹ̀, a kò tún bi í. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ṣé kì í jẹ wàrà bí ẹni ń jẹ iṣu? Èèwọ̀ ìdílé wo ni ó mú ẹnìkan tí ó fi èkejì sílẹ̀? Ara rẹ̀ ni ó kọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. A fún àìsàn ní orúkọ èèwọ̀, a sì gbàgbé rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó níwájú dókítà tí mo ní kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo padà lọ sọ fún dókítà náà. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rí tí ó pé, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ a máa rìn nínú ẹbí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ báyìí ni ara wọn máa ń gbà á bí wọ́n bá dàgbà, pé ní ìṣojú òun ni a ó ti dán an wò nígbà tí àkókò bá tó, kì í ṣe nílé, kì í sì ṣe lọ́dọ̀ Ìyá Ṣadé.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gbà pé ìyá wa ni ó dé, ẹ̀yin tí ẹ fi epo pa á lára, báwo ni ẹ óò ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fún un lóhun tí ara rẹ̀ gbà, kí ẹ lọ máa fi wàrà màlúù inú agolo bọ́ ọ? Ẹni tí ó bá ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láti padà wá, ó mọ àyà tí òun ń wá bọ̀. Àyà Fúnmi ni ó wá. Ọmọbìnrin yìí kò tíì fi ẹnu kan nono láti ìgbà náà. Obìnrin Fúlàní náà ń kọjá lójoojúmọ́, ó ń kí i, Fúnmi yóò gbé itọ́ mì, yóò ní ó di ìgbà díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá mọ̀ bí nono ti dùn mọ́ ọn tó, ẹ kò ní pè é ní ènìyànkénìyàn.

Nítorí náà, kí Olú má wá mú ọmọ. Bí ó bá ń bọ̀, kí ó gbé ẹ̀yin bọ̀. Ẹ wá pọ̀n ọ́n níhìn-ín. Yàrá mi ni ẹ óò sùn, èmi á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá dé tí ẹ wo ojú rẹ̀, tí ẹ sì tún ní kí Fúnmi lọ sí Tukur-Tukur, èmi náà óò di ẹrù mi, a óò jọ lọ.

Olúwa yóò dá ẹ̀mí yín sí. Ojú yín kò ní fọ́ pátápátá kí ẹ tó rí i. Ẹsẹ̀ yín yóò le dé Zaria, ẹ óò jókòó ti àwọn ọmọ ọmọ yín, ẹ kò ní fi omijé pa ẹnikẹ́ni lára mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, ẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ó kù láyé, ẹ kí oníyọ̀ iwájú ilé, ṣùgbọ́n ìkíni nìkan ni kí ẹ kí i.

Olú, ìwọ tí o ń kà á, bí o bá ti dé ibí yìí, fi iná sí i lójú ìyá rẹ. Ewé rẹ̀ gbogbo ni kí o sun, má ṣẹ́ ọ̀kan kù. Jẹ́ kí ó jó tán kí o tó ṣí ilẹ̀kùn. Bí Ìyá Ṣadé bá sì wá béèrè ohun tí mo kọ, ẹ sọ fún un pé mo ní rárá. Ìyẹn nìkan ni mo yọ̀ǹda kí ó gbé kiri.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́,
Bámidélé.